Ìkarahun Mẹ́rin Láti Orísun Odò

Ẹ sún wọ abẹ́ àtíbàbà dáadáa, kí òjò má pa yín. Ẹ má díbọ́n fún mi pé ẹ ní ibi tí ẹ ń lọ. Ẹni tó ní ibi tó ń lọ kò ní jókòó ti àgbà ọdẹ láti àárọ̀ kó máa wo irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi náà kò níbi tí mo ń lọ. Mo ti yọ ọta kúrò nínú ìbọn, mo ti bọ́ bàtà, ohun tó kù nílẹ̀ kò ju kí n gbọ́ ohùn ara mi lọ.

Mo rí ẹ̀yin méjì tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo ti yọjú wo ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ ń fa okùn láti inú àpótí kan bọ́ sínú àpótí mìíràn lójú gíláàsì, ẹ ní iṣẹ́ lẹ ń ṣe. Láti àárọ̀ lẹ ti ń pòṣé pé ẹ̀rọ kan rán nọ́ḿbà sí yín, pé nọ́ḿbà náà kò jọ nọ́ḿbà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ rò pé orí yín ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Ọdẹ́jọbí, ọ̀rẹ́ bàbá mi, nígbà tí wọn kò tíì bí bàbá ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún yín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ibi tí kò sọ, èmi ni mo fi kún un, nítorí mo mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ú lọ.

Ìsàlẹ̀-Odò ni ìlú Ọdẹ́jọbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ńlá kan tó máa ń kún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Orí òkè ni gbogbo ilé wà, àfi tirẹ̀ nìkan. Ó kọ́ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó lè máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹran tó bá wá mumi. Ọgbọ́n ọdẹ nìyẹn. Bí omi bá sì ti ń bọ̀, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ á di ẹrù, wọ́n á gun òkè lọ sílé àwọn àna rẹ̀, kí wọ́n lè ráyè bú u fún ọjọ́ mélòó kan. Ọgbọ́n ọdẹ náà nìyẹn.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn láti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ìgbà mẹ́ta ló tú ìbọn bàbá rẹ̀ palẹ̀ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà, lẹ́ẹ̀kejì, irin kan ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, síbẹ̀ ìbọn náà dún. Ó ri igi gígùn kan mọ́ ìsàlẹ̀ odò, ó fi ọ̀bẹ fá ìlà sí i lára ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó sì pín àárín ìlà sí mẹ́rin mẹ́rin. Báyìí ló ṣe mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé òun ga ní ọ̀pá mẹ́sàn-án géérégé láti ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tó sọ ọ́ fún àwọn àgbà, wọ́n kí i kú oríire. Wọ́n ní ó dára kí ènìyàn mọ ibi tí omi máa gbé òun lọ gan-an.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Àwẹ̀ró yọ̀ ṣubú ní ẹ̀bá odò, itan rẹ̀ sì kán. Bàbá tó ń to eegun wá, ó fi ọ̀pá oparun di ẹsẹ̀ náà, ó na ìka sí Ọdẹ́jọbí lójú.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò lórí ẹní yìí. Bí ẹ bá gbé e, eegun á yẹ̀, kò sì ní fi ẹsẹ̀ yìí rìn tààrà mọ́ títí ayé rẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ọdẹ kì í gbọ́ nǹkan. Tún un sọ."

Ọdẹ́jọbí tún un sọ. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà ni lékèélékèé gbé okùn Ṣọ́mi dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Ṣọ́mi fún yín, torí mo rí i pé ẹnu yín ti là sílẹ̀. Ẹbọra ni, orísun odò ló ń gbé, òun nìkan ló mọ ibi tí omi ọdún kọ̀ọ̀kan máa ga dé. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí omi dé, á so ìkarahun ìgbín mẹ́rin mọ́ okùn, á fi lé lékèélékèé lẹ́nu, ẹyẹ náà á gbé e dé Ìsàlẹ̀-Odò. Ìkarahun kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́jọ tó tò láti ẹnu rẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Ó fi ìda dí àwọn ihò kan, ó ṣí àwọn mìíràn sílẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn mọ̀ ọ́n kà. Àwọn ọmọ gbàgbé ìtumọ̀, wọ́n rántí àyẹ́sí. Bí wọ́n bá ti gba okùn náà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á yí i po, kí orí rẹ̀ kọjú sí orísun odò, kí Ṣọ́mi má baà ní wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òun. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri, wọ́n á lọ jẹun. Orí òkè ni ilé wọn wà. Kí ló kàn wọ́n?

Olóyè Lámúyẹ ni àgbà tó ń gba okùn náà lọ́dọọdún. Ó gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó yí i po, ó wá fi ojú kan wo inú rẹ̀.

"Méjì nínú wọn dí pátápátá," ó ní. "Kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ẹ já wọn sọnù, kí okùn má baà wúwo."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má já wọn," ni Ọdẹ́jọbí wí. "Omi èṣí dé ọ̀pá mẹ́wàá. Ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, méje ni. Bí ti ọdún yìí bá jẹ́ méje, kí ìyàwó mi sùn jẹ́ẹ́. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, kí n gbé e, kí ó yarọ, kí ó sì yè. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mọ èwo ni."

"Kí lo tún fẹ́ mọ̀ sí i? Gbé e. Ṣebí ẹsẹ̀ méjì ló ní."

Ọdẹ́jọbí na ọwọ́. Ó gba okùn náà bí wọ́n ṣe gbé e lé e lọ́wọ́, ó so ó mọ́ ọrùn, ó bẹ àbúrò Àwẹ̀ró kí ó wá máa sùn tì í, ó sì lọ sí Igbó Onírúurú, níbi tí wọ́n ti sọ pé àwọn tó mọ nǹkan kà ń gbé. Odò ló kọ́kọ́ là kọjá, omi sì dé àyà rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mi ò ní sọ iye òkè tó gùn. Òkè ni òkè.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé nínú igbó ni iwin kan tó ń jẹ́ Adánìkankà. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ó tóbi tó àwo ọbẹ̀, kò sì lè wo ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá na ìka sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ títí yóò fi sọ pé "Mo gbà." Ó na ìka sí Ọdẹ́jọbí, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òpó.

"Kí lo gbé kọ́rùn?"

"Nọ́ḿbà ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n kà."

"Ìyẹn nìkan? Nǹkan ọmọdé." Ó fa okùn náà mọ́ra. "Ihò ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ ọ̀kan, èyí tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ méjì, òkè ìyẹn mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń di ìlọ́po méjì títí dé méjìdínláàádóje lẹ́nu. Èyí tó bá ṣí, kà á. Èyí tó bá dí, fò ó. Ó yá. Ìkarahun yìí, òfo. Èyí tó tẹ̀ lé e, òfo. Èyí, méjìlá. Ti ìkẹyìn, márùndínláàádọ́rin. Omi yín ga ní ọ̀pá òfo, òfo, méjìlá àti márùndínláàádọ́rin. Sọ pé o gbà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni omi máa wá ni?"

"Èmi kò bá ọ sọ ti omi. Nọ́ḿbà ni mo kà. Sọ pé o gbà."

Ọdẹ́jọbí ronú. Bí ẹ̀yin bá wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ti gbà, ẹ̀ bá sì ti padà sílé pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo ń fi ojú wọn òkè bọ̀ láti ibi igi mi tó wà nínú odò, ibi tí ẹ jókòó sí yìí kò ga ju ogójì ọ̀pá lọ. Bí omi bá dé márùndínláàádọ́rin, ẹ̀yin náà ti kú nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín gbà?"

Iwin náà fi ojú kan ṣoṣo rẹ̀ wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó tún wo ilẹ̀. Bó ṣe ń wá ibi tí òun máa gùn, kò rántí láti máa na ìka mọ́, ẹsẹ̀ Ọdẹ́jọbí sì já kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun kan kó lọ: ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ihò inú ìkarahun. Ọdẹ́jọbí kì í jáde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lófo, bó tilẹ̀ jẹ́ òmùgọ̀.

Ìrìn ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, ó pàdé Adàwọ́npọ̀. Èyí kò ní ọrùn, ikùn rẹ̀ ló di orí rẹ̀ mú. Ohunkóhun tó bá rí, á kó o pọ̀. Ó ti kó igi igbó ibẹ̀ jọ di òkìtì kan, ó wá jókòó sórí rẹ̀, inú ń bí i pé kò sí ibòji mọ́.

Ọdẹ́jọbí sọ ohun tí Adánìkankà kà fún un. "Adánìkankà kẹ̀?" ó rẹ́rìn-ín, "kò kó wọn pọ̀ ni kò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ihò méjìlélọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Tò wọ́n ní ìlà kan, máa sọ wọ́n di ìlọ́po méjì láti ìdí dé orí. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni, ó sì tóbi." Ó gba okùn náà lọ́rùn ọkùnrin náà, ó fọwọ́ pa á, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó ní orí tó tóbi ló yẹ kó ṣáájú. Nígbà tó parí, ó hó yèè. "Bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, àti ìdọ̀tí díẹ̀ lórí i! Ọ̀pá tí omi yín máa ga nìyẹn. Ó máa kọjá òṣùpá."

"Ẹ̀ẹ́. Ó dára kí n lọ kìlọ̀ fún òṣùpá."

"Ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" Iwin náà dìde, ilẹ̀ sì mì. "Mo máa kó ìwọ náà pọ̀ mọ́ àwọn igi yìí."

Ọdẹ́jọbí wólẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ ènìyàn ni mí, mi ò rí nọ́ḿbà tó tóbi tó báyẹn rí. Ẹ kà á fún mi kí n gbọ́, láti orí ọ̀kan. Mo fẹ́ lọ sọ ní ìlú pé ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ."

Ó dùn mọ́ iwin náà. Ó jókòó, ó wú ikùn, ó bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó dé ọgọ́rùn-ún, Ọdẹ́jọbí gba okùn rẹ̀ padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó so ó mọ́ ọrùn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ní àyẹ́sí, orí rẹ̀ sí orísun odò. Àṣà ìlú ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é láì bi í. Adàwọ́npọ̀ ṣì ń kà títí di òní. Èmi fúnra mi gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún tó lọ, ó ti kọjá mílíọ̀nù ọ̀tàlénírínwó, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ìwọ ti lọ síbẹ̀ rí?

Lọ́jọ́ kẹrin ló wọ Ìlú Àpótí. Nínú ìlú yìí, wọn kì í fi ẹnu pàṣẹ iṣẹ́. Àpótí ni wọ́n ń tò sílẹ̀ káàkiri, àpótí kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, okùn sì ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Okùn aláró ń gbé odindi nọ́ḿbà. Okùn aláwọ̀ ọsàn ń gbé nọ́ḿbà tó ní ìdá nínú. Okùn píńkì ń gbé ẹrù tí a kò tíì tú wò. Àpótí tí gbogbo ohun tó ń retí kò bá tíì pé sí lọ́dọ̀ kò ní mì rárá. Bó bá ti pé, á ṣiṣẹ́, á sì tì í lọ fún àpótí tó kàn. Ẹnì kankan kò pariwo níbẹ̀. Ìlú tí mo lè gbé nìyẹn, àmọ́ wọn ò ní gbà mí.

Ìyá Àpótí ló ni ìlú náà. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ogún, gbogbo rẹ̀ ló sì ń so okùn lọ́wọ́. Nígbà tí Ọdẹ́jọbí kúnlẹ̀ kí i, tó rò fún un nípa Àwẹ̀ró, nípa ẹnu ọ̀nà tó wà ní ọ̀pá mẹ́sàn-án, kò kí i kú ìrọ́jú. Ó na okùn sí i. "Máa ṣe é fúnra rẹ. Bí mo bá ṣe é fún ọ, èmi ló máa gbọ́n lójú ìyàwó rẹ, kì í ṣe ìwọ."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kó ìkarahun rẹ̀ sórí okùn píńkì, ó so ó mọ́ okùn aláwọ̀ ọsàn, okùn méjèèjì já ní àárín, wọ́n sì ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù. Ó wá ka ìkarahun kọ̀ọ̀kan sínú okùn aláró, ó so aláró mọ́ aláwọ̀ ọsàn. Èyí kò ké. Àmì pupa kékeré kan yọ níbi tí wọ́n ti pàdé, nọ́ḿbà mẹ́rin sì jáde: òfo, òfo, méjìlá, márùndínláàádọ́rin.

"Ti Adánìkankà nìyẹn!"

"Òun ni," ni Ìyá Àpótí wí. "Èyí tó ké sàn jùlọ. Ó ti sọ fún ọ pé o ṣe àṣìṣe. Èyí tó fi àmì pupa kékeré sílẹ̀ tó sì dákẹ́, òun ló ń pa ènìyàn. Kọ́kọ́ mọ èyí: ìkarahun mẹ́rin kì í ṣe nọ́ḿbà mẹ́rin. Nọ́ḿbà kan ni wọ́n gé sí mẹ́rin kí ẹyẹ lè gbé e."

Ó nawọ́ sí àpótí kan ní ìgun. "So okùn píńkì rẹ mọ́ ọn ní òsì. So ègé okùn aláwọ̀ ọsàn mọ́ ọn lórí, kí ó lè mọ ojú tí yóò fi wò ó. Ó tán."

"Ìyá, ṣé á yí wọn padà ni?"

"Kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ihò tó ṣí á wà ní ṣíṣí, èyí tó dí á wà ní dídí. Ojú tí a fi ń wò ó nìkan ló pàrọ̀."

Ọdẹ́jọbí so ó. Àpótí náà mì, ó sì rán ìdáhùn jáde lórí okùn aláwọ̀ ọsàn. Omi náà kéré débi pé bí ẹ bá pín ìrì orí ewé kan sí bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ṣì jù ú lọ. Ìyẹn ni pé kò sí omi rárá.

Ẹ wo ayọ̀! Ọdẹ́jọbí fò sókè, ó dọ̀bálẹ̀, ó sáré. Ó ti ń rò ó bí òun ṣe máa sọ fún Àwẹ̀ró pé kí ó sùn dáadáa. Ó sáré dé ẹnu bodè ìlú, ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ó sì dúró. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀. Ẹrẹ̀ odò ṣì wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ṣòkòtò dé àyà ẹ̀wù, ó ti gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ aṣọ. Odò tó fún un ní ẹrẹ̀ yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí kún, ìdáhùn tí ó gbà sì ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó fi ayọ̀ pa ìyàwó rẹ̀.

Ó padà lọ jókòó síwájú Ìyá Àpótí. "Ìyá, omi tó gbẹ sí ṣòkòtò mi ju èyí tí àpótí yín sọ lọ."

Ìyá náà kò so okùn mọ́. Gbogbo ìka rẹ̀ dúró, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọ̀pọ̀ ló ti sáré jáde ní bodè yẹn tijó-tayọ̀. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wo ṣòkòtò ara rẹ̀. Ó yá, sọ fún mi. Níbo lẹni tó rán an ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti orí."

"Nígbà tí ẹyẹ gbé e dé, èwo ló kọ́kọ́ wọ ìlú yín?"

"Orí náà ni. Olóyè wá gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó yí i po..." Ó gbá iwájú orí ara rẹ̀. "A máa ń yí i po! Ọdọọdún! Kí Ṣọ́mi má baà ní a kọ ẹ̀yìn sí òun!"

"Ẹ kú àyẹ́sí," ni Ìyá Àpótí wí. "Àwọn ìlú kan ń bẹ̀rẹ̀ láti orí, àwọn kan láti ìdí, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Kí ẹ má sọ fún ara yín ló burú. Yí i padà. Ìkarahun nìkan ni kí o yí, má dojú ìkankan dé. Ihò inú wọn wà bó ṣe yẹ."

Ọdẹ́jọbí yí i. Márùndínláàádọ́rin ló wá ṣáájú, méjìlá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn méjì tó dí, àwọn tí Lámúyẹ ní kí wọ́n já sọnù. Ó tún so ó. Àpótí mì, ìdáhùn jáde: ọ̀pá mẹ́jọ, àti ààbọ̀, àti ìdámẹ́rin.

Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò sáré mọ́. "Ìyá, ẹ kọ́ mi bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, kí n fi ọwọ́ ara mi ṣírò ó."

"Tò wọ́n síwájú. Ihò àkọ́kọ́ ń sọ bóyá omi wà lókè ìsàlẹ̀ odò tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dí: òkè ni. Mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, kà wọ́n bí Adánìkankà ṣe kọ́ ọ."

"Àádóje."

"Yọ mẹ́tàdínláàádóje kúrò níbẹ̀."

"Ibo lẹ ti rí ìyẹn? Ó ku ẹ̀ta."

"Ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn. Ihò mẹ́tàlélógún tó kù, ìdá ni wọ́n ń sọ: àkọ́kọ́ jẹ́ ààbọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ààbọ̀ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dínkù lọ. Ó sì ku ọ̀kan kan tí a kì í gbẹ́ ihò fún, torí kò kúrò níbẹ̀ rí."

"Bí ìyá ìyàwó mi nígbà tí omi bá dé."

"Gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó tẹ òkúta sílẹ̀, ó kà. Ihò kẹrin àti ìkarùn-ún nínú ìdá ló ṣí: ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, àti ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan tó fara pamọ́ di mẹ́jọ. Ìdá àkọ́kọ́ di ààbọ̀. Ìkejì di ìdámẹ́rin. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà náà ló tó di okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn, tó sì gbéra.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ ló dé ilé, tó ku ọjọ́ kan kí omi dé. Olóyè Lámúyẹ ti kó géndé mẹ́rin dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé àtẹ igi dání láti fi gbé Àwẹ̀ró.

"O dé," ni Lámúyẹ wí. "Kí ni àwọn iwin rẹ sọ?"

"Ọ̀pá mẹ́jọ, àti ààbọ̀, àti ìdámẹ́rin, Bàbá. Ẹnu ọ̀nà mi wà ní mẹ́sàn-án. Kò ní wọlé."

"Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ yẹn yé. Ṣé mẹ́jọ ni, àbí mẹ́sàn-án?"

"Kì í ṣe mẹ́jọ, kì í ṣe mẹ́sàn-án."

"Mẹ́sàn-án ni. Ta ló ń wọn odò ní ìdá-ìdá bí ẹran àgbò? Mẹ́sàn-án ni, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé e."

"Ẹ dúró," ni Àwẹ̀ró wí láti orí ẹní. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò rù. "Ọkọ mi, wá jókòó síbí. Wọ́n sọ nọ́ḿbà mìíràn fún ọ ṣáájú èyí?"

"Mẹ́ta."

"Èyí tó dùn jù nínú wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ní kò sí omi rárá. Mo sáré dé bodè, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹrẹ̀ ṣòkòtò mi ló dá mi padà."

"Lórí èyí ńkọ́, ṣé o sáré?"

"Mo jókòó. Mo fi òkúta ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta."

Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ tí wọ́n di, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ní ọ̀la, níbo lo máa jókòó?"

"Láàárín ìwọ àti omi."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin géndé," ó ní. "Mi ò lọ. Kí àtẹ yẹn má baà jẹ́ àsán, ẹ fi gbé Bàbá Lámúyẹ gun òkè. Ó ti rẹ̀ wọ́n láti sáré wá."

Lámúyẹ ní òun kò tíì rí obìnrin tó ya elétí dídi tó báyìí. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè.

Omi dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ó ń hó. Ọdẹ́jọbí jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára igi rẹ̀. Ó kọjá ìlà keje kí oòrùn tó yọ. Ó kọjá ìkẹjọ. Odó kan léfòó kọjá, ilé adìyẹ ẹnì kan tẹ̀ lé e, adìyẹ sì wà lórí i tó ń wo Ọdẹ́jọbí bí ẹni tó mọ̀ pé òun gbọ́n jù ú lọ. Omi dé mẹ́jọ àti ààbọ̀. Láti orí òkè, gbogbo ìlú tò sílẹ̀ bí ẹni ń wo eré, Lámúyẹ ní iwájú wọn.

"Ó ń bọ̀ o!" ni wọ́n ń pariwo.

"Ó dé ibo?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Ó ti kọjá ààbọ̀."

"Ìwọ ń gbọ̀n."

"Òtútù ni."

Kò sí òtútù. Nígbà tí oòrùn dé àárín, omi kan ìlà kẹta lẹ́yìn mẹ́jọ, ìlà ìdámẹ́rin mẹ́ta tó fi ọ̀bẹ fá fúnra rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Ó yí, ó hó, ó fi ìfófó lá ìlà náà, kò gòkè mọ́. Ọdẹ́jọbí kò mí títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán ń rọ̀, ìlà náà yọ jáde nínú omi, ó tutù rinrin, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn.

Àwẹ̀ró ní kí ó fi igbá bù wá fún òun nínú rẹ̀. Ó fi bọ́jú, ó nu ojú, ó ní, "Ó dọ̀tí."

Lọ́jọ́ kejìlélógún, bàbá tó ń to eegun tú oparun. Àwẹ̀ró dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó gun òkè láì tiro, ó dúró níwájú ilé Olóyè Lámúyẹ. "Ẹ kú ilé, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi ní kí n wá kí yín. Àwọn méjèèjì."

Lámúyẹ wo ẹsẹ̀ náà títí. "Ṣebí mo sọ ọ́," ó ní. "Mo ní ìdámẹ́rin tó."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lékèélékèé tún gbé okùn dé. Gbogbo ìlú péjọ. Lámúyẹ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yí i po fúnra wọn. Láti ẹ̀yìn ni Àwẹ̀ró ti sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

"Bàbá, ẹ dá ọwọ́ yín dúró síbẹ̀ yẹn."

Ọwọ́ náà sì dúró.

Òjò ti dá. Ẹ dìde lórí ẹní mi. Ẹ̀yin méjì tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó fi nọ́ḿbà yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, ẹ kọ́kọ́ wo ṣòkòtò yín.